Èmi Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ẹnì Kẹta

Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé náà. Ọlọ́pàá kan ló fi báírò kọ ọ́ sórí tákàdá tó fà ya nínú ìwé ńlá kan. Ó kà á sí mi létí kíákíá, ó sì na báírò sí mi. Awò ojú mi ti fọ́ sínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wà lórí ìrọ̀rí méjì, ó wú bí elégédé. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé mo ti gba ₦25,000 lọ́wọ́ awakọ̀, pé mo ti dárí jì í, àti pé èmi àti ẹ̀ kò ní ohunkóhun láti fà mọ́ lórí ìjàǹbá náà. Bí mo ṣe fọwọ́ sí i tán ni ìyá awakọ̀ bú sẹ́kún, ó ń súre fún mi. Mo ń ṣe àmín. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà, mo ní ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe ni mo ṣe.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama. Ọdún kejìlélógún mi nìyẹn tí mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáhùn.

Oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021 ni, oṣù náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: òjò àárọ̀, òjò alẹ́. Mo wọ Micra ní Òjóò, mò ń lọ sí Ìwó Road. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ Micra. Tòkunbọ̀ kékeré ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọkọ̀ tọkọtaya àti ọmọ kan ni, ṣùgbọ́n nílùú tiwa, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò há sẹ́yìn, ẹni méjì yóò sì pín síítì kan níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. ₦200 ni ọmọ tó ń wa ọkọ̀ náà pè é. Mo ní ₦150 la ń wọ̀ ọ́. A fà á títí, àwọn tó wà lẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé sí mi. Mo san ₦200 náà pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé owó yẹn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọmọ Poly kan jókòó sí ìdí jíà, èmi wà létí ilẹ̀kùn. Ìdajì ara mi wà lórí síítì, ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bẹ́líìtì ńkọ́? Ta ló ń wọ bẹ́líìtì níbi tí ènìyàn méjì ti ń pín síítì kan? A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí awakọ̀ fi fẹ́ yà fún kòtò kan. Táyà yọ̀ nínú omi, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ sì lọ kọlu kọnkéré etí gọ́tà. Ariwo kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀kùn ti wọlé wá bá ẹsẹ̀ mi. Ọmọ Poly yẹn jáde, ó gbọn aṣọ ẹ̀, kò ní ju ọgbẹ́ kékeré kan níwájú orí lọ. Èmi nìkan ni wọ́n gbé.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ ní kí a san ₦50,000 sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí, tọdún 2014, ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó bá wà nínú pàjáwìrì. Ìsinsìnyí ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, orí bẹ́ǹṣì ni mo wà, tí mò ń gbọ́ bí eyín mi ṣe ń lu ara wọn, títí àbúrò mi ọkùnrin fi sáré dé.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ẹlẹ́bẹ̀ dé. Awakọ̀ wá, ìyá ẹ̀ wá, alága garáàjì wọn wá, ọlọ́pàá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà sì tẹ̀ lé wọn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tútù. Ó ní, "Màmá, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ fojú ọmọ yín wò mí, ẹ má jẹ́ kí n ṣẹ̀wọ̀n." Ìyá ẹ̀ kúnlẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni obìnrin náà, bóyá ó tiẹ̀ jù mí lọ. Alága ló ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: "Ìyá wa, ilé la ó ti parí èyí. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tiẹ̀, ó ń dá owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ ní tẹ̀ṣàn, ó ti bá a nìyẹn. ₦25,000 rèé, ẹ fi jẹun. Ọlọ́run yóò ṣe èyí tó kù."

Ẹni mẹ́rin ló dúró yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ínṣọ́ránsì. Èmi náà ò dárúkọ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀ wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ń kó ìwé ọkọ̀ sí, lábẹ́ síítì tí mo jókòó lé.

Dókítà ní kí wọ́n fi irin sí egungun náà, ó sì pe owó ẹ̀ ní ₦380,000. Àwọn ẹbí ṣèpàdé lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fi irin sí kì í ṣe tẹni mọ́. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun, lọ́nà Mọ́níyà. Wọ́n ní kí a mú adìyẹ wá. Ẹsẹ̀ adìyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́, wọ́n to tiẹ̀, wọ́n to tèmi, wọ́n fi ọparun di àwa méjèèjì, wọ́n ní bí adìyẹ bá ti ń san ni èmi náà yóò máa san. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń wo adìyẹ náà bí ẹni ń wo èsì ìdánwò. Ó rìn ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Èmi ò rìn títí tó fi di oṣù kẹta, ṣùgbọ́n mo rìn, ẹsẹ̀ náà ló sì gbé mi dé ìdí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kì í ṣú kó má kọ́kọ́ sọ fún mi.

Owó bàbá náà ò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ la ń san án: ti òní, ti òrí àti adín, ti àgbo, ti ọmọ tó ń wẹ̀ mí, ti ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ mi wá kí mi. Ọwọ́ sọ́wọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ta ni yóò kọ rìsíìtì fún adìyẹ?

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó àbúrò mi, tó jẹ́ lọ́yà, wá kí mi kú ọdún. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó kẹ́dùn, ó mu málítì. Lẹ́yìn náà ló béèrè bí ẹni ń béèrè ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ínṣọ́ránsì ọkọ̀ náà ńkọ́?"

Mo ní, "Ti ọlọ́kọ̀ nìyẹn. Kí ló kàn mí ńbẹ̀?"

Ó gbé ife sílẹ̀. "Tẹ́ẹ̀dì pátì tí wọ́n máa ń wí yìí, ta ni ẹ rò pé wọ́n ń bá wí?"

Mo ní ṣebí ọkọ̀ kejì ni. Bí ènìyàn bá gbá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, kí wọ́n bá a tún un ṣe. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ sì ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lọ́yà mi orí. Ó ní ẹni tó ra ìwé ni ẹnì kìíní, ilé-iṣẹ́ tó tà á ni ẹnì kejì, ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe lójú pópó ni ẹnì kẹta. "Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ra ìwé yẹn fún."

Òfin ọdún 1945 ló sọ ọ́ di dandan, láyé ìgbà tí Òyìnbó ṣì ń ṣàkóso. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sójú títì láìní ìwé tí yóò gbà á sílẹ̀ bí ó bá pa ènìyàn tàbí tó ṣe ènìyàn léṣe. Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni ti èrò inú ọkọ̀. Bí ènìyàn bá gbé ọ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ ilé ẹ̀, òfin yẹn ò fi dandan lé e pé kí ìwé ẹ̀ kàn ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbowó, dandan ni kí tiẹ̀ kan àwọn èrò tó wà nínú ẹ̀. Ẹ ti rántí ₦200 mi. Owó tí mo torí ẹ̀ bínú ní Òjóò ni òfin fi mọ̀ mí.

Mo béèrè pé èló ni wọn ì bá san. Ó ní bó bá jẹ́ ọkọ̀ tàbí ògiri ló bà jẹ́, òfin ìgbà náà fi gbèdéke mílíọ̀nù kan náírà sí i, ṣùgbọ́n kò fi gbèdéke sórí egungun ènìyàn. Ohun tí ènìyàn bá lè fi ẹ̀rí gbé dúró ni. Àti pé nílẹ̀ wa, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé awakọ̀ ló jẹ̀bi, owó kì í dédé já bọ́. Iṣẹ́ máa ń gbé lọ́yà lọ sí Kútọnu, ó wá ní lọ́dọ̀ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí òfin ínṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní CIMA ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ dá iye kan lé ẹni tó fara pa láàárín oṣù méjìlá, ì báà má tíì béèrè. Mo rántí pé mo wo ògiri fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó sọ ìyẹn.

Ohun tó dùn mí kì í ṣe owó, ó kéré tán kì í ṣe owó nìkan. Ó dùn mí pé mo ti ka nǹkan méjì sí ọ̀kan. Mo rò pé bí mo bá béèrè owó ìtọ́jú mi, ọmọ yẹn ni mo ń bá jà, òun ni yóò ta aṣọ ìyá ẹ̀ láti fi san án. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, nítorí náà mo yan ọ̀rẹ́. Àṣé owó náà ì bá má ti àpò ọmọ yẹn jáde. Ọlọ́kọ̀ ti san owó yẹn sílẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀, òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́kọ̀ mìíràn, wọ́n kó o jọ síbì kan bí èsúsú, wọ́n ń dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ṣẹ́. Mo lè dárí jì í, kí n sì tún gba owó ìtọ́jú mi. Àwọn oníròyìn rédíò ń pè é ní adójútòfò, orúkọ náà sì dùn mọ́ni lẹ́nu. Èmi ni mo dúró sí ẹ̀yìn òfò, mi ò jẹ́ kí ojú tì í.

Nǹkan mìíràn wà tí lọ́yà sọ tí mo ṣì ń fi ṣe ẹ̀rín. Nínú ìwé ínṣọ́ránsì ọkọ̀, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé ẹni tó ra ìwé kò gbọdọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni, àfi bí ilé-iṣẹ́ bá gbà á láyè. Ẹ wo ọmọ Yorùbá! Ó ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ìwé sì ní kó má dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀, ó ba kíléèmù jẹ́. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò bá a da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ní gbogbo àdúgbò? Àwọn tó kọ ìwé yẹn ò tíì dúró létí bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn.

Lọ́yà ní kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìwé Micra náà jẹ́ ojúlówó. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì Nàìjíríà ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID, inú ẹ̀ ni ojúlówó ìwé ọkọ̀ yẹ kó wà. Ènìyàn lè tẹ *565*11# lórí fóònù, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó. Àbúrò mi ti ya fọ́tò ọkọ̀ náà lọ́jọ́ ìjàǹbá. Ọmọ mi ọkùnrin tẹ nọ́ńbà náà sí i, ó sì jáde: ọkọ̀ akérò, ọjọ́ ẹ̀ ò tíì parí. Ọmọ tó ń san owó ojúmọ́, tí mo ṣàánú ẹ̀ bí aláìní, ìwé ọkọ̀ ẹ̀ pé.

Nígbà náà ni ọmọ mi ní kí òun yẹ ti ọkọ̀ ilé wa náà wò.

Kò sí nínú ẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Kò sí. Ó wò mí, mo wo ẹsẹ̀ mi. Kò yà mí lẹ́nu, ohun tó yẹ kí n jẹ́wọ́ nìyẹn. Ọkùnrin kan wà tó máa ń dúró lẹ́yìn géètì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Ínṣọ́ránsì tí ẹlòmíràn ń san ₦5,000 fún nígbà náà, ₦1,500 ló ń gbà lọ́wọ́ mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò ní wàhálà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan tí kò ní ìdí ni. Mo ní ọlọ́pàá nìkan ló ń béèrè ìwé yẹn, ìwé tí a ń fi han ọlọ́pàá ni mo sì ń rà.

Ìyẹn ì bá ṣeé gbójú fò, bí kì í bá ṣe ti ọdún 2018. Èmi ni mo ń wa Corolla ọkọ mi lọ́jọ́ náà, mo ń ti ọjà Bódìjà bọ̀. Mo yà láìwo ẹ̀yìn, mo sì gbá ọlọ́kadà kan. Orúnkún ẹ̀ là. Ìyàwó ẹ̀ pọn ọmọ wá sí tẹ̀ṣàn. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo ní kí wọ́n fojú ẹ̀gbọ́n wò mí, mo sì fi ₦30,000 lé wọn lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì: "Mádàámù, ṣé ẹ ò ní ínṣọ́ránsì ni?" Ó mọ̀. Ọlọ́kadà tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ mọ ohun tí tíṣà tó gba dìgírì ò mọ̀. Mo ní, "A ní i, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í sanwó. Ariwo lásán ni wọ́n." Gbogbo ẹni tó wà ní tẹ̀ṣàn ló mi orí, nítorí bí gbogbo ayé ṣe ń wí nìyẹn. Òun náà mi orí. Ó fọwọ́ síwèé.

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn ìgbà náà, pé oní-ínṣọ́ránsì kì í sanwó. Òótọ́ wà nínú ẹ̀, mo máa tó sọ èyí tí ojú èmi náà rí. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń rò ó pé mélòó nínú àwọn tó ń sọ ọ́ ló ra tiwọn lẹ́yìn géètì bíi tèmi. Lọ́dún 2022, nígbà tí mo lè rìn, mo wá ọkùnrin náà lọ sí ibùdó ọlọ́kadà tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó ti padà sílé, lọ́nà Ṣakí, kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà ẹ̀.

Lọ́yà ní kí a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì Micra náà síbẹ̀, pé ohun tí ọlọ́pàá kọ lè dí ọ̀nà tàbí kó má dí i. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni kí ẹni tó ni ọkọ̀ àti awakọ̀ kọ tiwọn, kí wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo pe ọmọ náà. Nígbà tó rí nọ́ńbà mi, kò gbé e. Mo pe ìyá ẹ̀. Ohùn obìnrin náà ti yí padà. Ó ní, "Ìyá, ṣebí ẹ ti dárí jì í?" Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn tó wá bẹ̀ mí. Mo wọ ọkọ̀ lọ sílé wọn ní Ọ̀jẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, mo jókòó sórí àpótí, mo ń ṣàlàyé ẹnì kìíní àti ẹnì kẹta fún ìyá àti ọmọ bí mo ṣe ń ṣàlàyé gírámà. Wọ́n gbọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn ò gbà mí gbọ́. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà pé bí òun bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹjọ́ ló ń dì fún ara ẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí mo lọ síbẹ̀ ni mo fi iṣu ṣẹ̀bùn, ọjọ́ náà ló sì kọ ọ́.

Ní ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì ló gbà mí lálejò. Kò rí mi fín o, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Ó fún mi ní omi tútù. Ìwé ló fi ń bá mi jà, kò fi ẹnu. Ìwé ọlọ́pàá dà? Mo gbé e jáde, ohun tó wà níbẹ̀ sì ni pé àwọn méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Rìsíìtì ìtọ́jú dà? Mo ní ti ọjọ́ mẹ́rin ní ilé ìwòsàn, ti èkísíréè, àti ti oògùn. Ti oṣù mẹ́ta lọ́nà Mọ́níyà ńkọ́? Mo gbìyànjú, ẹ ò ní gbà gbọ́, mo padà lọ bá bàbá náà pé kó fi ọwọ́ kọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ mú un fún ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún béèrè, ó ń wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, kò wojú mi: "Mà, ẹni mélòó ló jókòó síwájú?"

Mo lè purọ́. Ọmọ Poly yẹn ti lọ, awakọ̀ ò ní sọ ohun tí yóò pa á lára. Mo ní, "Méjì." Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

"Bẹ́líìtì?"

"Rárá."

Ó tẹ ìyẹn náà.

Oṣù mẹ́jọ ni a fi ń kọ̀wé síra wa. Lọ́yà ní ₦25,000 yẹn, owó oúnjẹ ni, kì í ṣe owó egungun, àti pé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì láìní awò ojú kò ka ohun tó fọwọ́ sí. Wọ́n ní a pẹ́ kí a tó fi tó àwọn létí. Wọ́n ní èmi náà ní ìpín tèmi nínú ìjókòó yẹn. Òótọ́ ni. Níkẹyìn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n san ₦118,500 sí àkáǹtì mi. Gbogbo ohun tí mo ti ná, bí mo ṣe ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi, jẹ́ ₦467,000, láìka lẹ́sìnnì WAEC tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé. Nítorí náà, wọ́n sanwó. Mo rí i gbà, ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú ìdá mẹ́ta tó kù, ọwọ́ èmi fúnra mi ló gbé e sọnù lọ́jọ́ kẹta lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n tó san án, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé pé n kò ní béèrè mọ́. Ojú ìwé méjì ni. Mo wọ awò mi tuntun, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, mo lo bíi wákàtí kan níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin oní-táì ń wo aago.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, gbé owó tẹ́ẹ̀dì pátì ti ọkọ̀ ilé láti ₦5,000 sí ₦15,000, wọ́n sì gbé gbèdéke ti dúkìá sókè sí mílíọ̀nù mẹ́ta. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, ariwo sọ. Wọ́n ní ìjọba tún ti dé. Mo dákẹ́. Mo ti lọ san tèmi, mo tẹ nọ́ńbà náà lórí fóònù, mo rí orúkọ ọkọ̀ wa nínú ẹ̀, mo sì ya fọ́tò ẹ̀ bí ẹni tó rí èsì JAMB ọmọ ẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀yìn géètì ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti sá fún wa o." Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti ní àwọn yóò máa dá ọkọ̀ tí kò ní i dúró, ọdún náà kan náà sì ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ínṣọ́ránsì tuntun. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà nínú ọkọ̀ ni ọlọ́pàá ń wá. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ́, ta ló ń sọ fún un pé ìwé náà wà? Tèmi bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, báírò sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ṣì ń wọ Micra. Kí ni mo fẹ́ ṣe, nígbà tí epo ti gbówó lérí tó báyìí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Òjóò kan náà, mo sọ fún awakọ̀ pé owó ẹni méjì ni mo máa san, kí n dá jókòó síwájú. Ó yọ̀. Mo wọlé, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fa bẹ́líìtì jáde, eruku ẹ̀ bò mí. Mo wá ibi tí a ń ki ẹnu ẹ̀ sí, mi ò rí i, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Awakọ̀ wo ohun tí mò ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ẹ ṣáà gbé e kọ́ èjìká. Ẹ fọwọ́ dì í mú báyìí. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, wọ́n á rò pé ẹ wọ̀ ọ́."